Màmá Àgbà Tó Ń Yan Sípíríǹgì Ìbọn ní Rolla

Màmá Àgbà wa, Àlàájà Sàfúrátù, kú nílé wọn ní Mushin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, tí wọ́n sì ti bá ẹni tó gbé e wá jà pé ata inú àkàrà náà kò tó. Nígbà tí ìyá mi pè mí láti túfọ̀, àwa méjèèjì kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n pé kí ni Màmá Àgbà sọ gan-an nípa ata ọ̀hún. Ìyá mi fọn imú, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe jáde lẹ́nu Màmá Àgbà: “Ṣé mo ṣàìsàn ni, tí ẹ fi ń fún mi ní oúnjẹ aláìsàn?”

Mi ò ní to ìgbésí ayé wọn láti ìbí dé ikú. Àwọn àgbà ẹbí ti ṣe ìyẹn níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Wọ́n sọ ti obìnrin tó kọ́lé, tó lọ sí Mẹ́kà, tó dá tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn ikú ọkọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi bá wọn gbé ní Sharjah, nínú fúláàtì oníyàrá kan ní Rolla, ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ní Deira, ní ìlú Dubai, tí Màmá Àgbà sì ń tún ìbọn ṣe. Obìnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìbọn ìṣeré ni o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Irú èyí tó ń lo bátìrì, tó ń yin ọta ike róbótó tí kò tó ẹ̀wà. Ọkùnrin ará Sharjah kan tó ń jẹ́ Abu Khalid ló ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Rolla, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń wá fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ yin agolo. Màmá Àgbà kì í yìnbọn ní tiwọn. Inú ìbọn ni wọ́n fẹ́ràn.

Ọjà ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń tà ní Mushin, tí wọ́n sì ń tún ṣe. Wọ́n máa ń wá sí Deira pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Nàìjíríà yòókù láti wá ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, bẹ́líìtì àti mótò kéékèèké, kí wọ́n tó kó o sínú kọ́ńtéénà lọ sí Èkó. Nígbà kan, ọkọ̀ ojú omi pẹ́, ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń gbé ní Rolla gbà wọ́n sílé. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú pópó ni wọ́n rí apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn Abu Khalid, tó kún fún ìbọn tó ti bàjẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fa sukudiráfà yọ nínú báàgì, torí Màmá Àgbà kì í jáde láìmú sukudiráfà dání, wọ́n sì tú ọ̀kan níbẹ̀. Abu Khalid jáde wá, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ẹrù òun. Wọn ò gbójú sókè. Pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè Lárúbáwá tí wọ́n kọ́ lọ́jà Deira, wọ́n ní, “Ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n sọ di ìbọn lèyí. Fún mi ní tíì.”

Ó fún wọn ní tíì. Kò pẹ́ tó fi bá wọn ṣe físà.

Ẹni bá fẹ́ mọ Màmá Àgbà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn kì í dúró de ìyìn. Tí wọ́n bá tún ìbọn kan ṣe, wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti dún bó ṣe yẹ kó dún, wọ́n á bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á pe oríkì ara wọn: “Àṣàkẹ́, o ṣe é.” Wọ́n á wá gbé òmíràn. Ojú kọ́kọ́ máa ń tì mí, pàápàá tí oníbàárà bá wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní, “Màmá, ṣé kò ní dáa kí ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì yìn yín?” Wọ́n wò mí bí ẹni tí òye rẹ̀ kéré, wọ́n ní, “Mulíkà, ta ló tún wà níbí tó mọ bó ṣe le tó?”

Ohun tó mú iṣẹ́ náà le ni sípíríǹgì. Àwọn tó ń yìnbọn máa ń fẹ́ èyí tó le jù, kí ọta wọn lè lọ jìnnà. Ilé ìtajà kan wà ní Deira tó ń kó sípíríǹgì líle wọlé láti Hong Kong nínú ọ̀rá, tí gbogbo wọn sì jọra bí ìbejì. Màmá Àgbà kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá gbọ́. Tí a bá ti gbé wọn délé, wọ́n á yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí gíláàsì tábìlì wa. Èyí tó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, wọ́n á jù ú nù, nítorí sípíríǹgì tó bá wọ́ á máa ha ara ihò tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á wá gbé àwọn tó dúró ṣinṣin sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, wọ́n á fi pátákó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ojú àmì kan náà, wọ́n á sì wo ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n bá dúró sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so òwú ìránṣọ mọ́ ọn. Òwú funfun fún èyí tó rọ̀. Òwú aláwọ̀ ewé fún èyí tó le díẹ̀ sí i. Òwú pupa fún èyí tó le jù. Wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ: Sùúrù, Làákàyè, Aláṣejù.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kúkú fi olówùú pupa sínú gbogbo ìbọn, kí oníbàárà lè dúnnú. Wọ́n tú ọ̀kan síwájú mi, wọ́n ní kí n fi ìka tẹ̀ lé ọwọ́ àwọn.

“Mótò ló ń yí jíà yìí,” ni wọ́n wí. “Eyín jíà á mú písítìnì, á fà á sẹ́yìn, písítìnì á tẹ sípíríǹgì pọ̀. Tí eyín bá tán, jíà á tú u sílẹ̀. Sípíríǹgì á ju písítìnì síwájú, atẹ́gùn á ti ọta jáde. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Ó dáa. Tí sípíríǹgì bá le jù, ta ló máa fà á?”

“Jíà.”

“Jíà, àti eyín písítìnì, tó jẹ́ ike lásán. Mótò á gbóná. Bátìrì á kú kíá. Tí písítìnì bá sì fi agbára yẹn kọlu iwájú àpótí jíà, àpótí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Gbogbo ayé á máa wo ọta. Èmi, eyín jíà ni mò ń wò, torí òun ló kọ́kọ́ ń ru ẹrù náà.”

Síbẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀tá olówùú pupa. Ọkùnrin ará Kerala ní Íńdíà kan wà tó máa ń wá ní àárọ̀ Jímọ̀, tó máa ń yìn ín lẹ́yọ lẹ́yọ sí agolo tó jìnnà jù. Òun ni Màmá Àgbà fi Aláṣejù sínú ìbọn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ jíà rẹ̀ sí irin líle, wọ́n wá písítìnì tí eyín rẹ̀ jẹ́ irin, wọ́n sì fi róbà tẹ́ iwájú àpótí náà kí ìkọlù má baà pọ̀ jù. Iṣẹ́ yẹn gba àkókò, ọkùnrin náà sì ń kánjú. Màmá Àgbà ní kó lọ jókòó. “Aláṣejù náà lè ní ilé tirẹ̀,” ni wọ́n sọ fún un. “Àmọ́ a ó kọ́ ilé náà kó tó kó wọlé.”

Ohun mìíràn tí mi ò lè gbàgbé ni bí wọ́n ṣe máa ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n á lọ láti orí ìbọn kan sí èkejì, wọ́n á yọ ọta inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì títí sípíríǹgì inú rẹ̀ á fi na ara. Wọ́n ní sípíríǹgì tó bá sùn ní kíká á jí pẹ̀lú àárẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀gá mi ti bú mi nítorí ẹrù kan tó ṣìnà, ọ̀nà Dubai sí Sharjah sì há bí ìgbà gbogbo. Mo jókòó sórí àga láìbọ́ bàtà, mo ká èjìká mi sókè. Màmá Àgbà rìn kọjá pẹ̀lú ìbọn méjì lọ́wọ́, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́. “Ìwọ náà,” ni wọ́n wí, “tú u sílẹ̀ kó o tó sùn.”

Ìyá mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbọn yìí rárá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pè wá láti Èkó, orí ìbọn náà ni wọ́n sì máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Wọ́n ní kí ni àwọn máa sọ fún àwọn ará àdúgbò, pé ìyá àwọn, Àlàájà, ń tún ìbọn ṣe fún Lárúbáwá? Lọ́jọ́ kan ohùn wọn ga débi pé èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Màmá, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ ti dàgbà ju ẹni tó ń fi ìbọn ṣeré.” Màmá Àgbà jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá ní, “Èmi kọ́ ni mò ń ṣeré. Àwọn ẹlòmíì ló ń ṣeré. Èmi ni mi ò jẹ́ kí eré náà bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.” Wọ́n sì béèrè iye tí wọ́n ń ta gaàrí.

Ọ̀rọ̀ tó fi gbogbo èyí hàn dáadáa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ ní ọdún kan.

Ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Kọ́lá ṣí gbọ̀ngàn tirẹ̀ sí Deira. Ọmọ oníṣòwò ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́. Sípíríǹgì tó le jù ni ó fi sínú gbogbo ìbọn rẹ̀. Tí wọ́n bá yìn ín, agolo á fò, á sì dún bí ẹni ń lu páànù. Ìròyìn kárí. Àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ sí Deira, gbọ̀ngàn Abu Khalid sì dá páropáro.

Abu Khalid wá bá Màmá Àgbà nídìí tábìlì iṣẹ́ wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò jókòó.

“Hájà,” ni ó wí, “ẹ fi sípíríǹgì líle sínú gbogbo wọn kí ọdún tó dé. Tí ẹ ò bá ṣe é, Kọ́lá ti sọ fún mi pé òun ṣe tán láti wá máa bójú tó gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú tirẹ̀. Tí ó bá wá, mi ò ní lè tún físà yín ṣe mọ́.”

Màmá Àgbà ní, “Wọ́n á fọ́.”

“Kí wọ́n fọ́. Khalas, ó parí. Kí èèyàn kọ́kọ́ wá ná.”

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí Abu Khalid pe Kọ́lá wá.

Kọ́lá dé ní ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn bó ṣe yẹ, ó kí wọn kú iṣẹ́. “Màmá, ẹ má bínú sí mi o,” ni ó wí. “Ayé ti yí padà ni. Àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ gbàù.”

“Gbàù dáa,” ni Màmá Àgbà dá a lóhùn. “Ìgbà mélòó ni ìbọn tìẹ lè sọ ọ́?”

Kọ́lá rẹ́rìn-ín. “Títí ilẹ̀ á fi ṣú, Màmá.”

“Ó dáa. Ní ọjọ́ ọdún, gbé ìbọn mẹ́wàá wá síbí. Èmi náà á gbé mẹ́wàá jáde. Irú kan náà. Àwọn èèyàn á yìn ín láti ìgbà tí wọ́n bá ti yídì dé títí di ìrun Mọ̀gàríbì. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ tún èyí tó bá kú ṣe. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá pọ̀ jù láàyè nírọ̀lẹ́, òun ló máa bójú tó gbọ̀ngàn yìí.”

Abu Khalid wo Kọ́lá. Kọ́lá gbà. Abu Khalid náà gbà. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí orúkọ Màmá Àgbà ni a fi gba fúláàtì wa; tí físà wọn bá lọ, ibo ni èmi náà fẹ́ máa gbé ní Rolla?

Nígbà tí Kọ́lá lọ tán, Màmá Àgbà gbé ìbọn wa kan, wọ́n jáde sí gbọ̀ngàn, wọ́n sì ṣe ohun tí mi ò rí wọn ṣe rí. Wọ́n yìn ín. Ọta náà já sílẹ̀ níwájú agolo. Wọ́n tún yìn ín, ó tún já sílẹ̀. Wọ́n pòṣé. “Ọmọ yẹn ò purọ́,” ni wọ́n sọ fún mi, ó sì hàn lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu wọn. “Olówùú funfun ti rọ̀ jù. Mo ti fẹ́ràn Sùúrù jù.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n yọ olówùú funfun kúrò nínú gbogbo ìbọn wa, wọ́n yan olówùú ewé, èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ra jù lọ, kí ìkan má baà le ju ìkejì lọ. Wọ́n wo eyín jíà lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná. Èyí tí eyín rẹ̀ bá ti ṣẹ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n kó àwọn wáṣà tín-ín-rín tó ń bọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, wọ́n fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jíà kí ó má baà máa mì, wọ́n sì fi ọ̀kan sí ìdí sípíríǹgì, kí ó lè máa yí bó ṣe ń ká. Wọ́n fi gírísì díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ fi púpọ̀, wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tán, síbẹ̀ wọ́n tún ń tú èyí tí wọ́n ti dè. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ń bẹ̀rù ni?”

“Mò ń bẹ̀rù,” ni wọ́n wí. “Ìdí tí mo fi ń tún un wò nìyẹn.”

Ohun kan tún kù tí wọ́n ṣe. Abu Khalid ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé ní ibùdó kan ní Muhaisnah. Màmá Àgbà ní kó bá àwọn sọ fún un, kí ó fi bọ́ọ̀sì kó wọn wá ní ọjọ́ ọdún láti yìnbọn lọ́fẹ̀ẹ́. Abu Khalid bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn le, tí ọjọ́ ìgbádùn wọn sì kéré. Wọn ò ní jẹ́ kí ìbọn náà sinmi.”

Ọjọ́ ọdún dé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là, tiwa lápá òsì, ti Kọ́lá lápá ọ̀tún. Láàárọ̀, ojú tì wá. Ìlà tó tò síwájú Kọ́lá dé ẹnu ọ̀nà, ìbọn rẹ̀ ń dún gbàù, agolo ń fò, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Kọ́lá fúnra rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń fi Lárúbáwá, Híńdì àti Gẹ̀ẹ́sì pe èèyàn, “Yalla, yalla, ẹ wá gbọ́ ọ.” Níwájú tiwa, bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló wà. Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n ń jẹ dàbínù, wọ́n sì ń wo ìbọn Kọ́lá. Ó dà bíi pé wọn ò rí èrò náà rárá. Etí ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì Muhaisnah dé. Àwọn ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún wọn tí wọ́n lọ̀ gígún, ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì yìnbọn bí ẹni pé ìjà ni. Nígbà tó yá, ọta kan láti ọ̀dọ̀ Kọ́lá kọlu pátákó, ó ta padà, ó bá ọkùnrin kan létí. Etí náà wú lójú ẹsẹ̀. Kò bínú, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ wa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìrun Àìlá ni mo rí i tí Màmá Àgbà gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Ó ti dé.” Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni ìbọn Kọ́lá kan sọ pé kàrà-kàrà-kàrà, mótò rẹ̀ ń yí, ọta ò jáde mọ́. Kọ́lá rẹ́rìn-ín, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé òmíràn. Kò pẹ́, ìyẹn náà sọ pé kàrà. Òmíràn gbóná débi pé ẹni tó mú un dání jù ú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun Aláásárì, Kọ́lá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀. Ìlà tó wà níwájú rẹ̀ ti yí sọ́dọ̀ wa, àwọn ará Muhaisnah sì ń yìn ín ní tìẹ̀ẹ̀-tìẹ̀ẹ̀-tìẹ̀ẹ̀, agolo ń ṣubú, ìbọn kankan ò sì sọ pé kàrà.

Ìkan nínú tiwa kú kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mi ò rí Màmá Àgbà kí inú bí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọn ò lè tún un ṣe, nítorí òfin tí àwọn fúnra wọn ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń wò ó bí ọmọ tó dójú tì wọ́n láàárín àwùjọ.

Mọ̀gàríbì dé. Abu Khalid ní kí gbogbo èèyàn dáwọ́ dúró. Ó gbé ìbọn Kọ́lá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́. Méjì péré ló dáhùn, ohùn wọn sì ti há. Ó bọ́ sí tiwa, ó tẹ gbogbo wọn. Mẹ́sàn-án ló dáhùn. Àwọn ará Muhaisnah hó yèè, wọ́n ń lu ògiri. Màmá Àgbà ò tiẹ̀ wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gbé ẹ̀yọ kan tó kú náà sórí itan, wọ́n ń tú u. Wọ́n tì í síwájú mi. “Wáyà ló já,” ni wọ́n wí. “Eyín jíà pé. Sípíríǹgì pé. Wáyà lásán ni.” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dìde, tí wọ́n bọ́ awò ojú wọn, tí wọ́n sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́: “Àṣàkẹ́, o ṣe é.”

Abu Khalid kọjú sí Kọ́lá. “Khalas, ọ̀rẹ́ mi. Kó ẹrù rẹ.”

Ohun tí Màmá Àgbà ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ń mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní kí Kọ́lá má tíì kó nǹkan kan. Wọ́n pè é wá sídìí tábìlì, wọ́n tú ìkan nínú ìbọn rẹ̀ tó kú, wọ́n sì da eyín písítìnì tó ti já sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ìyẹ̀fun funfun. Wọn ò bú u. Wọ́n kàn jẹ́ kó wò ó. Wọ́n wá sọ fún Abu Khalid pé, “Tó o bá lé ọmọ yìí, á lọ ṣí òmíràn sí òdìkejì títì. Èrò tó tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n.” Wọ́n kọjú sí Kọ́lá. “Ìwọ mọ bí a ṣe ń kó èèyàn wá. Èmi mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí ìbọn pẹ́. Má ti gbọ̀ngàn Deira pa. Kó ìbọn rẹ wá fún mi, ká jọ ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sípíríǹgì, tèmi ni.”

Kọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó kún fún ọta ike. Nígbà tó dìde, àwọn ọta náà lẹ̀ mọ́ ọn láyà bí ìlẹ̀kẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́.”

Abu Khalid ní òun náà gbà. Ó bi Màmá Àgbà pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà fún ara wọn. Ó ṣeé ṣe kó rò pé aṣọ ni wọ́n máa béèrè, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n nawọ́ sí pátákó tó wà lókè ẹnu ọ̀nà.

“Orúkọ mi,” ni wọ́n wí. “Kí ó tóbi.”

Ó kọ ọ́ ní Lárúbáwá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tóbi. Láti ìgbà yẹn, gbọ̀ngàn méjèèjì kò ṣófo. Màmá Àgbà ń yan sípíríǹgì fún wọn títí orúnkún fi ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹnì kankan ò lé wọn. Kọ́lá ló sìn wọ́n dé pápákọ̀, ó sì ń pè wọ́n ní gbogbo ọdún títí di ọdún tó kọjá. Ìyá mi, tí wọ́n ti ń jà nítorí ìbọn tẹ́lẹ̀, ló fi fọ́tò pátákó náà kọ́ sí pálọ̀ ní Mushin, tí wọ́n ń fi í han àlejò.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi sí ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún yẹn, nígbà tí èmi àti Màmá Àgbà ń rìn lọ sílé. Rolla kún. Àwọn ọmọdé wọ aṣọ tuntun, òórùn ẹran sísun ń jáde ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Màmá Àgbà ra áásìkiriìmù fún wa, a jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń lá tiwọn pẹ̀lú ìka tó dúdú fún gírísì. Ara wọn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, mo rò pé òtútù ni, àfi ìgbà tí mo wò wọ́n tí mo rí i pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

“Mulíkà,” ni wọ́n wí, “ṣé o rí i?”

“Mo rí i, Màmá.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Wọ́n nu ẹnu. “Tó o bá máa sọ ọ́ fún èèyàn lọ́jọ́ kan, má jẹ́ kí ìtìjú mú ọ gé e kúrú. Sọ pé mo borí wọn.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Màmá Àgbà borí wọn.